Láàrin "ẹnikẹ́ni" àti "ọmọ Nàìjíríà": bí òfin ṣe ń há àjèjì mọ́ àti bí ó ṣe ń lé e padà sílé

Ẹni tó bá kọ́lé ní Kàbbà, ní Mòpà tàbí ní Ìsánlú lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò ní ṣàì bá ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Tógò pàdé, nítorí pé ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ táìsì pọ̀ sí. Ní Ọbàjánà, àwọn ẹlẹ́rọ láti Íńdíà àti Ṣáínà wà nídìí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ọdún 1908 ni Tommie Titcombe ti Kánádà ti gbé iṣẹ́ ìyìn rere dé, àwọn òyìnbó oníṣègùn sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Àlejò kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè àwọn Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ohun tó ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀nà tí òfin Nàìjíríà gbà ń mú irú àlejò bẹ́ẹ̀, tó gbà ń fi í sí àhámọ́, tó sì gbà ń dá a padà sí ìlú rẹ̀, àti ohun tí ẹni náà lè pè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Orí Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tó kọ ọ́ ń lò, wọn kò sì lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Níbì kan, wọn a ní "ẹnikẹ́ni". Níbòmíràn, wọn a ní "ọmọ Nàìjíríà". Ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè ní abala 33, ẹ̀tọ́ sí iyì ọmọnìyàn ní 34, òmìnira ara ní 35, ìgbẹ́jọ́ tí kò ní èrú nínú ní 36, òmìnira ẹ̀sìn àti ti ọ̀rọ̀ sísọ ní 38 àti 39, gbogbo wọn jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ Mòpà, ì báà ṣe ọmọ Lomé. Ṣùgbọ́n abala 41, tó fún ènìyàn láyè láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí kí ó sì máa gbé ibi tó wù ú, ọmọ Nàìjíríà nìkan ló bá wí, òun náà ló sì sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Nàìjíríà. Abala 42, tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tí a ti bíni léèwọ̀, àti 43, tó fúnni ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé, ti ọmọ Nàìjíríà ni àwọn náà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi lágbára láti lé àjèjì lọ, àmọ́ tí kò lágbára láti nà án, láti fi ìyà jẹ ẹ́ tàbí láti tì í mọ́lé láìsọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ta gan-an ni àjèjì? Ibí yìí ni ojú ti máa ń tan ènìyàn. Èdè kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá lè sọ Yorùbá tó já geere ju ti ọmọ Kàbbà tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kàdúná lọ, síbẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni. Ibi tí a bí ènìyàn sí nìkan kò tó pẹ̀lú. Òbí tàbí òbí àgbà ni abala 25 ń wò, nítorí náà ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò kò di ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ọsibítù Kàbbà ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Lomé rí láyé rẹ̀. Bí ọ̀kan péré nínú àwọn òbí bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ti tán. Obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọkọ níhìn-ín lè bẹ̀bẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ abala 26. Ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò ní ọ̀nà yẹn, àìdọ́gba tó sì yẹ kí a ti tún ṣe tipẹ́tipẹ́ ni. Abala 27 ló kù fún un, èyí tó ń béèrè ọdún 15 tí ẹni náà ti fi gbé níhìn-ín, tó sì tún ń fẹ́ kí Gómìnà ìpínlẹ̀ rí i pé àwọn ará ìlú tó ń gbé tẹ́wọ́ gbà á.

Àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ ibí ti dé ilé-ẹjọ́ rí, ó sì ti fi ojú ìjọba gbolẹ̀. Ní oṣù January ọdún 1980, ìjọba Shehu Shagari gbé Shugaba Abdurrahman Darman, olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ GNPP tó pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno, sọ sí òdìkejì ẹnubodè ní Chad, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Maiduguri sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni, ó da àṣẹ ìlélọ náà nù, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ yìí ni àwọn agbẹjọ́rò ṣì máa ń tọ́ka sí nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó máa dá ẹni tó jẹ́ ọmọ ibí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò jẹ́ ẹ.

Ká wá fi oníṣẹ́ táìsì kan láti Tógò ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Mòpà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún un láyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí kò tíì kú àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, ó ní láti gba ìwé ìgbélùú ECOWAS lọ́dọ̀ àjọ Ímígíréṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á, kì í sì í ṣe nítorí ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú wọlé ní ìhà Ìdìrókò kò ní òǹtẹ̀ kankan nínú ìwé rẹ̀ tí wọn yóò fi ka 90 ọjọ́ náà. Ti ọmọ Íńdíà tó wà ní Ọbàjánà yàtọ̀, nítorí pé físà iṣẹ́ ló gbà wọlé, ilé-iṣẹ́ tó pè é ló gba àyè rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ń gbé káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní CERPAC kiri. Ní ti ọmọ Nìjẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti díjú díẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù January ọdún 2025 tí Nìjẹ́ẹ̀, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí dìgbà tí nǹkan mìíràn bá yí padà.

Bí wọ́n bá mú oníṣẹ́ táìsì wa lójú ọ̀nà, abala 35 ni ó bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ. Abala náà bẹ̀rẹ̀ nípa sísọ pé a kò gbọdọ̀ gba òmìnira ẹnikẹ́ni àfi nítorí àwọn ìdí kan tó kà sílẹ̀, kí a sì gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Méjì nínú àwọn ìdí wọ̀nyẹn ló kan àjèjì. Ìdí (c) ni pé a fura sí ẹni náà pé ó ṣẹ̀ sí òfin ọ̀daràn. Ìdí (f) ni pé ìjọba fẹ́ dènà ìwọlé tí kò bófin mu, tàbí pé ó fẹ́ lé ẹni náà jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Lójú ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ọ̀kan náà ni méjèèjì, nítorí pé ilẹ̀kùn irin kan náà ni. Lójú òfin, wọn kò jọra rárá.

Ìpín kẹrin abala 35 sọ pé a gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí a mú dé iwájú adájọ́ láàrin àkókò tó bójú mu, ìpín karùn-ún sì ṣàlàyé rẹ̀ pé ọjọ́ kan ni bí ilé-ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàrin 40 kìlómítà, ọjọ́ méjì sì ni bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí iye ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá gbà pé ó yẹ. Gbogbo ènìyàn ló mọ òfin yìí, wọ́n sì máa ń kà á bí àkọ́sórí lórí rédíò. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ìdí (c) nìkan ni ìpín kẹrin dárúkọ. Ẹni tí wọ́n mú nítorí ìfura ọ̀daràn ni aago yẹn ń ka ọjọ́ fún. Ẹni tí wọ́n há mọ́ nítorí kí wọ́n lè lé e lọ, ìwé òfin kò dá ọjọ́ kankan fún un níbẹ̀. Àlàfo ńlá ni èyí, àlàfo yẹn sì ni àjèjì máa ń bọ́ sí, tí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Síbẹ̀, àlàfo náà kì í ṣe kòtò tí kò nísàlẹ̀. Ìpín kejì abala kan náà fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹni tó yàn sọ̀rọ̀. Ìpín kẹta sọ pé láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sórí ìwé fún un, ní èdè tó gbọ́. Méjèèjì yìí kò yọ (c) sọ́tọ̀ kúrò lára (f). Ìwé wákàtí 24 yẹn ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìjọba ti máa kọ irú ìdí tó fi mú ẹni náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó gbé ju ọjọ́ tí òfin fún un lọ tàbí pé ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni ìyẹn lábẹ́ òfin Ímígíréṣọ̀n ti ọdún 2015, agbẹjọ́rò rẹ̀ sì lè sọ pé (c) ni, kí aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Ní ti èdè, ọmọ Tógò tó gbọ́ Ewé àti Faransé nìkan ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdí náà ní Faransé, bí ẹjọ́ rẹ̀ bá sì di ti ọ̀daràn, abala 36 ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilé-ẹjọ́ wo ni wọn yóò gbé e lọ? Abala 251 fi ọ̀rọ̀ àjèjì, ìwé ìrìnnà, físà àti ìlélọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà sí ọwọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní Lọ́kọ́jà ni ìyẹn wà fún wa, láti Kàbbà dé ibẹ̀ sì ju 70 kìlómítà lọ, ká má tíì sọ ti Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n mú ní Yàgbà, níbi tí Mòpà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wà, kò lè retí òfin ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni tirẹ̀. Ọ̀nà kejì ni abala 46, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú wá sí ilé-ẹjọ́ gíga. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 tún gba ẹlòmíràn láyè láti pe ẹjọ́ náà ní orúkọ ẹni tó wà ní àhámọ́, ó sì ní kí ilé-ẹjọ́ dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàrin ọjọ́ méje tí wọ́n bá pè é. Ìyàwó lè pè é. Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ táìsì fún un lè pè é.

Owó agbẹjọ́rò ni ìṣòro. Abala 46 yìí kan náà ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣètò ìrànlọ́wọ́ owó fún aláìní tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà láti "ẹnikẹ́ni" sí "ọmọ Nàìjíríà". Ìwé òfin fún àjèjì ní ẹ̀tọ́, kò sì pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni bá a san owó tí yóò fi gbà á. Ẹni tó kù láti ké sí ni ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 ní kí àwọn tó mú un sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ yìí, kí wọ́n sì fi tó ẹ́ńbásì létí láìfi falẹ̀ bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sá nítorí ìjọba ìlú rẹ̀ lè má fẹ́, kò sì pọn dandan fún un.

Àṣẹ ìlélọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni òfin 2015 fi sí. Fún ọmọ ECOWAS, abala 11 àdéhùn 1979 fi ẹrù kún un: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìpinnu náà tó ẹni náà létí, kí wọ́n fi tó ìjọba rẹ̀ àti àjọ ECOWAS létí, ìjọba tó ń lé e lọ ni yóò san owó ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo òun àti ìdílé rẹ̀, kí wọ́n sì dá ohun ìní rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ táìsì fi ń gé táìsì àti owó iṣẹ́ tí wọn kò tíì san fún un wà lára ohun ìní yẹn, ó sì yẹ kí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ní Mòpà mọ̀ pé ìlélọ kò pa gbèsè rẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn Yorùbá oníṣòwò sì wà lára àwọn tó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù January ọdún 1983, Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ ni àpò "Ghana Must Go" ti gba orúkọ. Ọdún 1983 yẹn kan náà ni Nàìjíríà sọ ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà di òfin ilẹ̀ yìí, ìwé tí abala 12 rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ lé àjèjì tó wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́ àfi nípa ìpinnu tó bá òfin mu, tó sì ka lílé àwọn àjèjì lọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ nítorí ẹ̀yà tàbí ìlú wọn léèwọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé òfin kò lè tún ṣe, ìyẹn ni àkókò. Ní oṣù January ọdún 2018, wọ́n mú Sisiku Julius Ayuk Tabe àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Ambazonia, tó fẹ́ kí apá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù dá dúró, ní Àbújá, wọ́n sì kó wọn lọ fún ìjọba Kamẹrúùnù. Ní oṣù March ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé ìmúni àti ìkólọ náà lòdì sí òfin, ó sì ní kí ìjọba dá wọn padà wá. Ní oṣù August ọdún yẹn, ilé-ẹjọ́ ológun ní Yaoundé fi wọ́n sẹ́wọ̀n gbére. Ìdí nìyí tí agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn tàbí ẹ̀bẹ̀. Àṣẹ tó ní kí wọ́n má tíì gbé ẹni náà kúrò ní ibi tó wà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ adájọ́. Láti Lọ́kọ́jà dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan ni.