Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé onígi

Ilé tí Anne Hathaway, ìyàwó William Shakespeare, gbé dàgbà ṣì wà ní Shottery, lẹ́bàá Stratford-upon-Avon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Koríko orí rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun, mo máa ń ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n gbójú sókè. Apá tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti wà láti 1463. Wọ́n wá igi óákù tó tẹ̀ bí ọrun, wọ́n là á sí méjì gbọọrọ, wọ́n gbé ìlàjì méjèèjì nàró, wọ́n fi orí wọn ti ara wọn, ẹsẹ̀ wọn sì yà. Àwọn igi yìí ló ru òrùlé, ògiri kò rù ú.

Ní tútù ni wọ́n ń gbẹ́ óákù. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fún pọ̀, tó ń di èèkàn onígi tó wà ní oríkèé rẹ̀ mú pinpin. Igi náà lè wọ́, àmọ́ oríkèé kì í yẹ̀.

Láàárín igi sí igi, wọ́n á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á fi rẹ́ ẹ. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ bí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì kò mọ ìyẹn ṣe. Ó le gan-an, bẹ́ẹ̀ ilé onígi a máa sún díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti sán, òjò á gba ojú sísán wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́. Wọ́n pè mí sí ilé kan báyìí, ògiri rẹ̀ funfun báláú. Mo ki sukurudiráfà bọ igi ìsàlẹ̀, ó wọlé dé ọwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ búrẹ́dì tó rin. Igi tó ti wà ṣáájú àwọn baba ńlá wa! Ó dùn mí wọra.

Ní ti koríko, òrùlé gbọdọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bíi dìgírì 45 sí 50. Omi á máa ti orí pòròpórò kan bọ́ sí òmíràn, òkè nìkan ni yóò rin, títí yóò fi kán sílẹ̀ jìnnà sí ògiri. Àwọn tó ti fi bẹẹrẹ bolé rí mọ̀ ọ́n. Góńgó orí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbó, ẹ tún un ṣe ní bí ọdún 10 sí 15. Iná ni kí ẹ bẹ̀rù jù: ó jó ilé Shottery yẹn gidigidi ní 1969, kí wọ́n tó tún un ṣe.

Bí ẹ bá ní irú ilé báyìí, tàbí ilé alámọ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀, amọ̀ tàbí ẹfun òkúta sísun ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn òjò, ẹ fọwọ́ kan ìdí ògiri. Bó bá ṣì tutù nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ pe káfíńtà kí ẹ tó ra ọ̀dà.