Àga, Aago àti Òṣùwọ̀n: Bí Àgbà Kò Ṣe Ní Di Hẹ́gẹhẹ̀gẹ

Ogbó yàtọ̀ sí hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni ọdún 85 wà tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ná ọjà Òkè-Àjẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni ọdún 66 sì wà tí ibà ọjọ́ mẹ́ta á dá gúnlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ara ẹnìkejì yìí kò ní ohun tó fi pamọ́ mọ́.

Àmì márùn-ún ni wọ́n ń wò: kó máa rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè di nǹkan mú dáadáa, kí ìrìn rẹ̀ máa falẹ̀, kó má sì fẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ní mẹ́ta ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì ni ilé ìlera alábọ́ọ́dé lè tètè fà padà.

Nọ́ọ̀sì kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Kí àgbà jókòó sórí àga líle, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó dìde, kó jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 14, agbára itan ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, kó rin mítà 4 tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ó yẹ kó débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ọ̀wọ̀ ló sábà ń ba àyẹ̀wò àga yìí jẹ́: ọmọ tó mú ìyá wá á ti sáré di apá rẹ̀ mú. Ẹ wo ọwọ́ ìyá náà pẹ̀lú, torí ó lè máa fi tẹ orúnkún lábẹ́ ìró láìmọ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má kà á.

Oúnjẹ ló kàn. Gaàrí Ìjẹ̀bú rọrùn fún ẹni tó ń dá gbé: omi tútù, ó parí. Ó ń yó ni o, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àgbà tó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 60 sí 72 lóòjọ́. Amúaradàgbà inú ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja kún inú rẹ̀ sàn fíìfíì ju èyí tó jẹ́ ewùrà àti epo lásán. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká lè jẹ mọ́ínmọ́ín. Kí alárùn kídìnrín kọ́kọ́ bi dókítà.

Oúnjẹ nìkan kì í di iṣan. Ìdìde àga yẹn náà ni ìdárayá: ìgbà 8 sí 10, kó sinmi, kó tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìrìn dára, àmọ́ òun nìkan kò tó fún itan. Ìpàdé régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe é kí ìrẹsì tó jáde.

Kí wọ́n kó gbogbo oògùn wá nínú ọ̀rá, títí kan èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì. Oògùn orun àti Piriton ń mú orí wúwo, àgbà á sì ṣubú. Kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó bá dìde. Bí nọ́ńbà òkè bá já ní 20, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè ti pọ̀ jù. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ ṣá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àga kan náà, aago kan náà. Bó bá ti sọ ju kílò 3 nù láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdárayá: kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ náà ń mú èèyàn rù.