404: Onílé Wà Nílé

Bí ènìyàn bá tẹ líǹkì tí 404 sì yọ lójú fóònù, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ sáré ra dátà kún dátà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú, 404 kò lè yọ rárá, nítorí pé sáfà tí a kàn sí gan-an, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, ni ó fi nọ́ńbà náà fèsì: ó gbọ́ ohun tí a béèrè, ó wá a, kò rí i.

Ó dà bí ẹni tí ń wá télọ̀ kan nílùú Ìbàdàn. Ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti júwe fún un pé Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù wà, àfi bí ó ṣe débẹ̀ tí télọ̀ ti kó lọ sí Àpáta. Bí onílé bá jáde, tí ó ní, "Kò sí télọ̀ níbí o," 404 nìyẹn. Bí télọ̀ bá lẹ àdírẹ́sì tuntun mọ́ ilẹ̀kùn kí ó tó lọ, 301 nìyẹn, fóònù yóò sì gba Àpáta lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání. Èyí tí ó burú jù ni kí ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà kí ó sì sọ ọ́ di ilé tẹ́tẹ́: owó orúkọ ìkànnì tí a kò san mọ́ ni ó ń fà á, kò sì sí nọ́ńbà kankan tí yóò kìlọ̀ fún àlejò.

Kí ló dé tí télọ̀ kò ránṣẹ́ sí ẹni tí ń júwe rẹ̀ ní Dùgbẹ̀? Kò mọ̀ pé onítọ̀hún wà láyé. Bí Tim Berners-Lee, ẹni tí ó dá àbá wẹ́ẹ̀bù ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí físíìsì, lọ́dún 1989, ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn: ìhà kan ṣoṣo ni líǹkì ń kọjú sí, ojú-ìwé tí a ń tọ́ka sí kò sì ní àkọsílẹ̀ àwọn tí ń tọ́ka sí i. Àléébù yìí náà sì ni ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀, torí bí ó bá jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ télọ̀ kí a tó júwe rẹ̀, ta ni yóò júwe ẹnikẹ́ni?

Ohun tí ń pa líǹkì kì í tóbi. Kí ẹnìkan yí "iroyin.html" padà sí "Iroyin.html" ti tó, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ sáfà, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìlà kan péré ni 301 ìbá gbà lọ́wọ́ alábòójútó ìkànnì, ṣùgbọ́n àwọ̀ tuntun fún ìkànnì ni wọ́n máa ń rò, wọn kì í rò ti ẹni tí ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbé àdírẹ́sì tí ó ti kú lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, tí ó ti ń kó ẹ̀dà ojú-ìwé pamọ́ láti 1996, lè rí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ bí ó ṣe wà, bí ẹni tí ń ya fọ́tò bá ti gba Òkè-Àdó kọjá kí télọ̀ tó kó.