Ẹ̀rọ BP tó ń wá ihò tójú ò rí lára ẹ́ńjìnnì jet ski

Èkìtì ò ní òkun, ọ̀sà gan-an ò sí níbẹ̀, òkè ló pọ̀ jù, omi ńlá tó wà níbẹ̀ ò sì ju àwọn dáàmù bíi Ero Dam tó wà ní Ìkun-Èkìtì lọ, torí náà bí wọ́n bá gbé jet ski, alùpùpù tí wọ́n ń gùn lójú omi, tó bàjẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan l'Adó, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ pé jọ wòran ná. Ṣùgbọ́n ká ṣí ìdérí ẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì tó máa ń wà nínú àwọn tó ti pẹ́, two-stroke yẹn, èyí tí ọ́ìlì ẹ̀ ń bá pẹtiróòlù jó, ọmọ ìyá kan náà lòun àti jẹnẹrétọ̀ kékeré táa ń pè ní "I pass my neighbour", ọmọ ìyá ni wọ́n pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi nínú igbó, àti ẹ̀rọ táwọn àgbẹ̀ kòkó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fọ́n oògùn. Àrùn kan náà ló ń pa gbogbo wọn, ihò tójú ò rí, irinṣẹ́ tó sì ń wá àrùn ọ̀hún kàn ò ju ẹ̀rọ BP tí aṣọ apá ẹ̀ ti ya lọ.

Bí jet ski ṣe ń fa omi nísàlẹ̀ táá tu ú sẹ́yìn, ẹ jẹ́ á fo ìyẹn, ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé Kawasaki ló kọ́kọ́ gbé Jet Ski jáde lọ́dún 1973, orúkọ ọjà tiwọn ni, àwa la wá fi ń pe ti Yamaha àti Sea-Doo pẹ̀lú, bí gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ṣe di Omo. Ọdún 2002 ni four-stroke, irú ti mọ́tò tí ọ́ìlì ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáàárín wọn, SuperJet ti Yamaha sì ń lo two-stroke títí di 2020. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ tó bá ti dàgbà díẹ̀ fi máa ń jẹ́ two-stroke.

Ẹni tó bá ti dé ilé arọ rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń fín ẹwìrì, tó bá gbé awọ ẹwìrì sókè, awọ fa atẹ́gùn sínú, tó bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, atẹ́gùn gba ẹnu ẹwìrì lọ bá iná. Ohun tí two-stroke ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Písítìn lọwọ́ ọmọ tó ń fín in, yàrá ìsàlẹ̀ tí kíráǹkì, irin tí písítìn ń yí, wà sì ni awọ. Písítìn gòkè, yàrá ìsàlẹ̀ fa atẹ́gùn, pẹtiróòlù àti ọ́ìlì wọlé láti kábúrétọ̀, písítìn sọ̀kalẹ̀, ó fún gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó tì í gba ẹ̀gbẹ́ sílíńdà lọ sókè níbi tí iná wà. Lára four-stroke, abọ́ ọ́ìlì lásán ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n lára two-stroke, ẹ̀dọ̀fóró ni.

Tí awọ ẹwìrì bá wá lu ńkọ́? Ní ilé arọ, iná á kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá á bú ọmọ iṣẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Ibi tí àfiwé yìí ti fẹ́ tàn wá jẹ rèé o, torí nínú ẹ́ńjìnnì iná ò ní kú, ṣe láá gbóná sí i. Atẹ́gùn tó gba ojú ihò wọlé ò gba kábúrétọ̀ kọjá, kò gbé epo dání, kò gbé ọ́ìlì dání, ọ́ìlì tó wà nínú pẹtiróòlù yẹn náà ló sì yẹ kó máa jẹ́ kí písítìn yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ, iná á mú bíi ti gáàsì ìdáná tójú atẹ́gùn ẹ̀ ṣí dáadáa, láìsí ọ́ìlì, písítìn á wú, á gan mọ́ sílíńdà, tàbí kí orí ẹ̀ yọ́ lu. Lára jẹnẹrétọ̀ tó ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Jet ski ń yí ju 6,000 lọ, ẹni tó gùn ún sì ti fún un tẹ́rẹ́ látìgbà tó ti kúrò létí omi.

Gbólóhùn kan wà tó máa ń bí èèyàn nínú, àwọn mẹkáníìkì sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: "Kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n ẹ̀ wà ńbẹ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì yìí ò ní nǹkan kan." Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á de géèjì mọ́ ojú ihò ẹ̀, wọ́n á ta á, ọwọ́ géèjì á fò dé 150 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan, ó parí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n òkè písítìn ni wọ́n wọ̀n, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni ẹwìrì wà. Bí ẹni tí inú ń run tí wọ́n ń yẹ eyín ẹ̀ wò ni, eyín mọ́, eyín ò mì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì tí síìlì kíráǹkì ẹ̀, rọ́bà tó ń dí etí kíráǹkì, ti gbẹ tó ti sán lè ní kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n tó pé pérépéré lónìí kó sì jó písítìn lọ́la. Wọ́n á wá ra písítìn tuntun, ring tuntun, wọ́n á tò ó padà láìwá ihò, ìyẹn náà á tún jó, wọ́n á ní ẹni tó ta písítìn fún wọn ló ta ayédèrú.

Ọ̀nà tó dáa ni ká dí gbogbo ojú ẹ́ńjìnnì, ká fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i nínú, ká wò ó bóyá á dúró. Ohun tí fọkanáísà ń ṣe fún túùbù ni. Àmọ́ iye atẹ́gùn tó yẹ kéré gan-an, bíi psi 5, nígbà tí táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba bíi 32. Ẹni tó bá lọ fa hóòsì fọkanáísà sí i, kó tó pajú dé, ó ti ti síìlì jáde kúrò lójú ẹ̀, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ dá àìsàn tó ń wá sílẹ̀. Géèjì táyà náà ò sì wúlò níbẹ̀, torí èyí tó kà dé 160, psi 5 ò ju kí ọwọ́ ẹ̀ kàn mì lọ, bí ẹni ń fi òṣùwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì wọn iyọ̀ ọbẹ̀.

Ibi tí BP ti wọlé rèé, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago ni o, kì í ṣe oníbátìrì. Ojú ẹ̀ kà dé 300, ìwọ̀n mẹ́kúrì ni wọ́n fi kà á, 300 yẹn táa bá sọ ọ́ di psi, 5.8 ni. Ẹ tún un kà. Gbogbo ojú géèjì yẹn látòkè délẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì two-stroke fẹ́ gan-an ló bọ́ sí, 260 lójú BP ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ psi 5 géérégé, ìlà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ débi pé kó fi ìwọ̀nba ín-ín sọ̀ báyìí, èèyàn á rí i. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ yẹn náà, atẹ́gùn tó ń wọlé ní ìtẹ̀ kan kéré, kò lè ti síìlì jáde láìròtẹ́lẹ̀, ó sì ní kọ́ọ̀kì kékeré létí ẹ̀ táa fi ń tú u. Ẹni tó ṣe é ò ronú kan jet ski rárá, síbẹ̀ èèyàn ò lè pààṣẹ irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ yìí mu jù báyìí lọ.

Ṣíṣe é ò le. Aṣọ apá tó ti ya, ẹ yọ ọ́ dànù, ó ku bọ́ọ̀lù àti géèjì pẹ̀lú rọ́bà wọn. Ẹ fi T kékeré so wọ́n pọ̀, irú èyí tó ń pín hóòsì omi tó ń fọ gíláàsì mọ́tò, ẹnu kẹta T yẹn ló ń lọ sára ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ kábúrétọ̀, ẹ gé irin pẹlẹbẹ bíi gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wẹ́dà á lu ihò kan sí i láàárín, á jó páìpù kọ́pà gígùn ìka kan mọ́ ọn, èyí táwọn tó ń tún fíríìjì ṣe máa ń gé sọnù. Ẹ gé túùbù tírélà sábẹ́ irin kó lè dì, ẹ dè é pinpin. Irin kejì tí ò nihò rárá, ojú sàlẹ́ńsà nìyẹn ń lọ. Púlọ́ọ̀gì dúró sáyè ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní kábúrétọ̀ méjì fẹ́ irin méjì tó ní páìpù, T mìíràn nìyẹn. Ihò ṣóńṣó kan tún wà tó ń gbé mímí ẹ́ńjìnnì lọ sí pọ́ǹpù epo, bóòtù kékeré láa fi dí i, òun làwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé jù, wọ́n á tẹ bọ́ọ̀lù títí ọwọ́ á ro wọ́n, géèjì ò ní kúrò lójú kan.

Kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ yẹ irinṣẹ́ fúnra ẹ̀ wò ná. Ẹ ti kọ́ọ̀kì, ẹ ká ẹnu hóòsì mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 260, ẹ máa wò ó. Tó bá ń sọ̀, ara irinṣẹ́ ni ihò wà, jet ski ò ṣẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú palẹ̀ lásán, hóòsì BP tó ti gbó ló fà á.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, torí atẹ́gùn tó ń tutù á máa sọ̀ fúnra ẹ̀, epo sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ nínú ẹ̀, kí wẹ́dà wábi tó jìnnà dúró sí. Ẹ yí písítìn dé ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè dé òkè sílíńdà pẹ̀lú. Ẹ ti kọ́ọ̀kì, ẹ wá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún díẹ̀díẹ̀, ọgọ́rùn-ún, igba, 260. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oní two-stroke ni pé kò gbọdọ̀ sọ̀ ju psi 1 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi 50 lójú BP. Èyí tí síìlì ẹ̀ ti lọ, kò ní í dúró de ìṣẹ́jú kankan, kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò ló ti sọ̀ dé 150.

Omi ọṣẹ ló kù, nínú ike tí wọ́n lu ìdérí ẹ̀. Ẹ fọ́n ọn yí ibi tí ìlàjì ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti pàdé ká, ẹ fọ́n ọn sídìí sílíńdà, ẹ yọ fúláìwíìlì, wíìlì irin tó wà létí kíráǹkì, kẹ́ ẹ lè rí síìlì tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ojú ló kù. Ọṣẹ á kọ́kọ́ ṣàn kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, lẹ́yìn náà létí síìlì níbì kan, èéhó kan ṣoṣo á yọ, á wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, á bẹ́, òmíràn á jókòó sípò ẹ̀. Ihò tó ń pa písítìn nìyẹn, abẹ́rẹ́ lè má gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà míì géèjì á máa sọ̀, ọṣẹ ò ní hó níbì kankan. Ẹ̀rọ tí omi ń tù nìkan ló ní èyí, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ò ní in, torí omi ọ̀sà tàbí òkun gan-an ló ń gba ara ẹ́ńjìnnì jet ski kọjá láti tù ú. Ẹ ki hóòsì omi tó jáde láti orí sílíńdà bọ abọ́ omi, tó bá ń hó gùrọ̀gùrọ̀ níbẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti fẹ́ sínú ọ̀nà omi, tí wọ́n bá gbé e padà sójú omi, á máa mu omi iyọ̀. Tó bá jẹ́ sílíńdà méjì, ẹ yí kíráǹkì ní ìlàjì kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe, torí bí písítìn kan bá wà nísàlẹ̀, èkejì wà lókè.

Irinṣẹ́ yìí ní àléébù tiẹ̀. Ó ń fẹ́ ni, kò mọ̀ ọ́n fà, bẹ́ẹ̀ ẹwìrì ń ṣe méjèèjì, síìlì kan sì lè di atẹ́gùn mú nígbà tí wọ́n bá ń tì í síta, kó wá máa gbà á wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni, nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí pa pọ̀, ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì lè lu kí BP má mọ̀. Torí náà tó bá ní ihò wà, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní kò sí, ẹ gbà á gbọ́ díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó da kábúrétọ̀ padà, ẹ rántí irin ojú sàlẹ́ńsà, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí lára ò ní í ta láéláé, púlọ́ọ̀gì ni wọ́n á sì máa pààrọ̀. Kẹ́ ẹ wá fi máàkà kọ "TI Ẹ́ŃJÌNNÌ" gàdàgbà sójú géèjì BP yẹn, torí èéfín pẹtiróòlù ti wọ inú rọ́bà ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún lọ so aṣọ apá tuntun mọ́ ọn fi wọn ìyá arúgbó nínú ilé.