Àwọn òṣèré Àrélù tó papòdà láàárín ọdún 2020 sí 2023

Àrélù ni eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n tí Jimoh Aliu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde, tí àwọn ọmọ Yorùbá wò lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1980. Ọdún mẹ́ta kò pé tí mẹ́ta nínú àwọn tí eré náà sọ di ìlúmọ̀ọ́ká fi jáde láyé. Jimoh Aliu fúnra rẹ̀, tó ṣe Àwòrò, kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, ìyẹn Òrìṣàbùnmi, tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2021. Òjó Arówósafẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Fádèyí Olóró, ló kẹ́yìn, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2023.

Orúkọ eré ló bá méjì nínú wọn dé sàréè. Ó wọ́pọ̀ láàárín òṣèré ìran wọn: bí ènìyàn bá ti ṣe ipa kan títí tó fi mọ́ ọn lára, orúkọ àbísọ á yẹra fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Moses Olaiya ṣe di Baba Sala, tí Babatunde Omidina di Baba Suwe, tí Abdulsalam Sanyaolu, tó ń jẹ́ Charles Olumo lórí ìtàgé, tún wá di Àgbákò. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn wọn to orúkọ méjèèjì pọ̀, torí pé orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ wọ́n ti fẹ́ di ìgbàgbé.

Jimoh Aliu

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1934 ni wọ́n bí Jimoh Aliu. Babaláwo ni bàbá rẹ̀, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìlóro-Èkìtì ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ibi tí wọ́n bí i sí yìí hàn kedere nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ẹsẹ Ifá, oríkì, ewé àti egbò tó kún inú eré rẹ̀ kì í ṣe ohun tó lọ kà nínú ìwé. Ilé ló ti gbọ́ wọn.

Ní ọdún 1959, ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè wá ṣeré ní Ìkàrẹ́, ọ̀dọ́kùnrin náà sì bá wọn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣèré ìgbà yẹn ní kò ju ẹgbẹ́ alárìnjò lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ orin, ijó, ìlù àti bí a ṣe ń tún ìtàgé ṣe. Bí wọ́n bá dé ìlú, wọ́n á fi ọkọ̀ àti gbohùngbohùn kéde kiri àdúgbò lọ́sàn-án, bó bá di alẹ́, eré á bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tàbí ilé ìwé. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú.

Ọdún 1966 ni Jimoh Aliu dá dúró pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó fi wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì padà sídìí eré. Ẹgbẹ́ tó tún dá sílẹ̀ nígbà náà ló gbé Àrélù àti Yánpọnyánrin jáde. Òun náà ló ṣe fíìmù Fopomoyo ní ọdún 1991, níbi tí King Sunny Ade ti kópa. Ó tún jẹ́ agbẹ́gilére, ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MFR (Member of the Order of the Federal Republic) dá a lọ́lá. Ẹni ọdún 85 ni nígbà tó kú.

Ọfọ̀ lórí ìtàgé

Ohun tó mú Àrélù yàtọ̀ ni bí àwọn alágbára inú rẹ̀ ṣe máa ń kojú ara wọn. Wọn kì í jùjà ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan á dúró, á pe orúkọ ewé tàbí ti ẹranko, á sọ ohun tí nǹkan náà máa ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, á wá pàṣẹ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó rí fún ọ̀tá òun. Èkejì kì í sá. Á fi tirẹ̀ bo èyí tí wọ́n pè mọ́lẹ̀. Bí àwọn onísègùn ṣe ń to ọfọ̀ náà nìyẹn: "Ohun tí a bá wí fún ọgbọ́ ni ọgbọ́ ń gbọ́, èyí tí a bá wí fún ọgbà ni ọgbà ń gbà." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó wà lásán, ẹni tó bá sì ṣi í pè, ó ti ba eré jẹ́ lójú àwọn àgbà tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyókù jẹ́ ọgbọ́n orí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pòórá, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, ẹni náà á kúrò níbi tó wà, àwọn tó kù kò ní mira, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Ohun tí wọ́n fi ṣe é kéré, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ń sá wọ yàrá bí wọ́n bá gbọ́ ohùn Fádèyí. Tèmi ni pé ẹnu àwọn òṣèré náà ló ṣe iṣẹ́ yẹn ju kámẹ́rà lọ.

Òrìṣàbùnmi

Ọmọ ìlú Olla ní ìpínlẹ̀ Kwara ni Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú. Obìnrin tó ní agbára, tí ọkùnrin kò lè fi ọfọ̀ dẹ́rù bà, ni ó sábà máa ń ṣe. Ó ti fẹ́ Jimoh Aliu rí kí wọ́n tó pínyà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn náà láìsí i. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú ẹgbẹ́ alárìnjò. Ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa bá àwọn òṣèré rìn láti ìlú dé ìlú, tí ọ̀gá bá sì fẹ́ òṣèrébìnrin rẹ̀ sílé, ọkàn gbogbo ènìyàn á balẹ̀; Ògúndé pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ló kú sí, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọ̀fọ̀ náà wúwo fún ẹbí rẹ̀, torí láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà tún kú.

Fádèyí Olóró àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú

Ọ̀dájú ni Fádèyí nínú eré, ó sì ṣe é débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè ya òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣe. Ní ọdún 2021, fídíò kan jáde níbi tí Òjó Arówósafẹ́ ti ń bẹ àwọn aráàlú pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ nítorí àìsàn. Àwọn ènìyàn dáwó. Ó lo nǹkan bí ọdún méjì sí i kó tó kú.

Kì í ṣe òun nìkan. Àìsàn gbé Baba Suwe lọ sí Amẹ́ríkà fún ìtọ́jú ní ọdún 2019 pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn ènìyàn. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 63. Ìyábọ̀ Okò, òṣèrébìnrin tó pẹ́ lórí àìsàn, kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2022, ọdún kan géérégé sí ọjọ́ ikú Òrìṣàbùnmi.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Òṣèré alárìnjò kò ní owó ìfẹ̀yìntì; ohun tí wọ́n bá pa lálẹ́ ọjọ́ eré ni wọ́n ń pín. Nígbà tí fíìmù àti fídíò dé, àwọn olè tó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ gba èrè mọ́ wọn lọ́wọ́. Baba Sala ló rí èyí tó burú jù. Fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, ti ọdún 1982, bọ́ sọ́wọ́ wọn, ó sì kó o sí gbèsè ńlá. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni òun jáde láyé, lẹ́ni ọdún 81.

Nínú àwọn àgbà òṣèré tó kù lẹ́yìn wọn, Jimi Solanke, olórin, òṣèré àti apàlọ́, kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 81. Àgbákò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló pẹ́ láyé jù láàárín wọn. Ó ti pé ọdún 101 nígbà tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2024.