Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ìwé Tí Ẹ Fi Ń Kọ́ Ọmọ Yín Ní Gẹ̀ẹ́sì Nílé

Láti oṣù kìíní títí wọ oṣù kejì ni ìbéèrè yìí máa ń ya wọlé. Àwọn èèyàn wa ní Houston, Atlanta àti Maryland tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn nílé ló sábà máa ń béèrè. Wọ́n ti ra odindi páálí ìwé ní oṣù kẹjọ, owó ńlá sì ni. Kérésìmesì ti wá kọjá, ọmọ ò fẹ́ rí ìwé náà sójú mọ́, ó ti sú ìyá pàápàá, ẹnì kan lórí WhatsApp sì ń pariwo pé ìwé tí òun ń lò ni ọmọ òun fi ń kàwé bí ẹni ń mu omi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n kó èyí jù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n ra tuntun?"

Mi ò kí ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ náà ò lè ṣe fún mi, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rí i sọ. "Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò dáa" ò tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní language arts lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ bíi mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: ìwé kíkà, sípẹ́lì, fífi ọwọ́ kọ lẹ́tà, gírámà, àkàyé àti àròkọ. Ọmọ tó ń kàwé geere lè máa ṣi sípẹ́lì kọ lórí gbogbo ìlà. Èyí tó ń sunkún nídìí àròkọ lè ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹpẹtẹ, kó jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ro ó nítorí bó ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Tí ẹ bá torí ẹyọ kan da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ̀ ń ba èyí tó ń lọ déédéé jẹ́ ni. Ìwé sípẹ́lì nìkan ṣeé pààrọ̀.

Ìdánwò tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ mú ìwé tí ọmọ náà ò kà rí, tó wà ní ìpele tó ń lò lọ́wọ́, kí ẹ yan 100 ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ léra nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á sókè, kí ẹ máa fa ìlà sábẹ́ èyí tó bá ṣì, ẹ má tún un ṣe fún un. Tí àṣìṣe rẹ̀ ò bá tó márùn-ún, ìpele náà bá a mu. Tó bá di mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele yẹn ti ga jù fún un, kò sì tíì túmọ̀ sí pé ìwé náà ò dáa. Ẹni ọdún mẹ́jọ ò jẹ gbèsè ìwé ọlọ́dún mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ irú ìwé wọ̀nyí ló gbé ìdánwò ìpele sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kódà tí ẹ bá ti lo ìwé náà fún oṣù mélòó kan, ẹ ṣe é. Ó rọrùn lápò láti sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan ju kí ẹ tún odindi páálí rà lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí pépà, bíi vop, blint, thusk, kí ẹ ní kó kà á. Kò lè ti há a sórí, nítorí pé kò rí i rí. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ Year 1 (ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà) ní England ní irú ìdánwò yìí: 40 ọ̀rọ̀, 20 nínú rẹ̀ ò nítumọ̀. (Tó bá pe thusk ní tusk, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń pè é. Yorùbá ò ní ìró th, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi t rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.) Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni kó wo blint kó sọ pé "blanket". Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló wò tó fi méfò.

Tí ìwé yín bá ní kí ọmọ wo àwòrán, kó wo lẹ́tà àkọ́kọ́, kó wá sọ ọ̀rọ̀ tó bá rò pé ó yẹ níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dúró de òpin ọdún. Ìgbìmọ̀ National Reading Panel ní Amẹ́ríkà jábọ̀ ní 2000 pé kíkọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé ń ran ìwé kíkà lọ́wọ́. Jim Rose, tí ìjọba England ní kó yẹ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà wò, sọ ohun tó jọ ọ́ fún wọn ní 2006. Mi ò kí ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní méfòméfò.

Ìkẹta ni kí ẹ̀yin ka ìtàn fún un, kó sọ ọ́ padà. Tó bá yé e nígbà tí ẹ kà á, ṣùgbọ́n tí kò yé e nígbà tó kà á fúnra rẹ̀, pípe ọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú. Tí kò bá yé e lọ́nà méjèèjì, kò sí ìwé phonics (ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà) tó máa wo èyí sàn. Ìtàn kíkà fún un lójoojúmọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ ló kù. Gough àti Tunmer, àwọn onímọ̀ nípa ìwé kíkà, ti là á sílẹ̀ láti 1986 pé àkàyé jẹ́ ìsọdipúpọ̀ agbára méjèèjì, ìyẹn pípe ọ̀rọ̀ àti kí ohun tí a gbọ́ yéni, bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ó lè sọ ìtàn náà padà ní Yorùbá, bó ṣe máa sọ àlọ́ fún ìyá àgbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé ló ń dí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lásán láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ṣé bí ìwé olùkọ́ ṣe ní kí ẹ máa ṣe é lẹ ń ṣe é? Ẹ̀kọ́ ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fà di wákàtí kan máa sú ọmọ. Àtúnyẹ̀wò tí wọ́n ń fò kọjá, òun náà ni ọmọ ń gbàgbé. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láì fo nǹkan kan. Àmọ́ ìyá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́, tó délé láago mẹ́jọ àárọ̀, ò lè máa ka ojú ewé mẹ́rin ìlànà olùkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà lè dára gan-an kó má bá ilé yín mu. Ìdí tó tó láti pààrọ̀ nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kó dà yín láàmú.

Tí ẹ bá máa pààrọ̀, ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ìwé kan kọ́ ọmọ láti ọjọ́ kìíní pé lẹ́tà "a" ní ìró mẹ́ta, bíi ti cat, paper àti father. Àwọn mìíràn kọ́ ọ ní ẹyọ kan, ó di ọdún kejì kí ìyókù tó dé. Ọmọ tó bọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì láàárín ọdún lè máà bá àkópọ̀ lẹ́tà bíi igh (inú night) tàbí tion (inú nation) pàdé rárá, nítorí ìwé àkọ́kọ́ ò tíì dé ibẹ̀, èkejì sì gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ́ àtòjọ ẹ̀kọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sàmì sí ohun tó mọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ ní èyí tó ṣófo. Ìparí ìpele ló dára jù láti kúrò. Ẹ má tíì ta ògbólógbòó.

Ní ti òfin, ẹ lè pààrọ̀ ìgbàkígbà ní Texas: láti ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ní 1994, tí ìwé kíkà, sípẹ́lì àti gírámà bá ṣáà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ìlú, ó parí. Ẹni tó wà ní New York ní láti máa fi ìròyìn ẹ̀kọ́ ọmọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, nítorí náà kó béèrè lọ́wọ́ wọn bí òun ṣe máa sọ ìyípadà náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti pààrọ̀ ìwé lẹ́ẹ̀mejì tí blint ṣì ń di blanket, ẹ má ra ìkẹta. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àdúgbò yín pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń jẹ́ kí ìwé kíkà àti sípẹ́lì nira fún ọmọ. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní IDEA ló ní kí wọ́n máa wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan àwọn tí kì í lọ sílé ìwé ìjọba. Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ kọ déètì sórí lẹ́tà náà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.