Omi kì í pa iná epo: ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi panápaná

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, panápaná ìpínlẹ̀ Èkó a máa kiri ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn láti kọ́ èèyàn nípa iná. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ló ta ko ohun tí ọwọ́ wa ti mọ́ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn kì í fi í tán níbẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè náà rèé.

Omi la fi ń paná. Kí ló dé tí wọ́n ní ká má da omi sí iná inú agbada?

Ẹ wo ìyá alákàrà tó gbé òróró kaná. Oníbàárà pè é, ó yíjú, ọ̀rọ̀ sì gùn. Kó tó bojú wẹ̀yìn, òróró ti gbiná. Omi tó fi ń ṣan ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bù ú, ó dà á sí i. Omi wúwo ju òróró lọ, ìdí agbada ló máa rì lọ. Ìwọ̀n ooru 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lomi ti ń hó, òróró tó ti gbiná sì ti kọjá 300 dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ni omi náà máa di ooru, ooru yẹn a sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Ife omi kan ṣoṣo lè di ohun tó kún dúrọ́ọ̀mù epo méjì! Ó ń wá ọ̀nà jáde, òróró tó ń jó ló sì wà lórí rẹ̀. Bí iná ṣe ń fò mọ́ àjà nìyẹn, tó sì ń bọ́ sí ìyá náà lára.

Ìdérí ìkòkò ló máa ń pa á. Tí gáàsì bá ni, pa iná ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ igi, wọ́ igi kúrò nídìí ààrò tí ọwọ́ bá tó o. Rọra ti ìdérí náà láti ẹ̀gbẹ́ bo ojú agbada, má ju ú lé e látòkè. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ kò ní pẹ́ kú. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ títí tó fi máa tutù. Ẹni tó bá tètè ṣí i wò, iná tún lè sọ. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn gbé agbada náà sáré jáde. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà a fẹ́ iná náà padà sí i lójú, òróró a sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Mo tan sítóòfù bí mo ṣe máa ń tàn án, ó bú gbàù. Ṣé iṣẹ́ ọ̀tá ni?

Ọ̀tá náà lè jẹ́ ẹni tó ta kẹrosíìnì fún ọ. Kẹrosíìnì tó mọ́ ní láti gbóná tó nǹkan bí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ooru ojú rẹ̀ tó lè gbiná. Bẹntiróòlù kò dúró de èyí, inú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín pàápàá kò dí i lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti da méjèèjì pọ̀, ìṣáná kan ti tó. Má fi ìṣáná dán an wò láti mọ̀ bóyá ó mọ́ o, ọ̀pọ̀ ló ti gbé ara wọn dé ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Má sì ṣe rọ epo sí sítóòfù tàbí àtùpà tó ń jó lọ́wọ́.

Mo ń gbóòórùn gáàsì ní ilé ìdáná lóru. Ṣé kí n tan iná wò ó?

Rárá o! Swíìṣì iná máa ń ta pàrà díẹ̀ nínú tí ojú kò rí, ìyẹn sì tó. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń tẹ́ sí bí omi, ìdí nìyẹn tó fi ń rápálá dé yàrá kejì. Má tan nǹkan kan, má sì pa èyí tó wà ní títàn. Tí ọwọ́ bá tó ọrùn sílíńdà, pa á. Ṣí ilẹ̀kùn, kó àwọn ará ilé jáde, ìta ni kó o ti pe fóònù. Tí ó bá di ọjọ́ kejì, tó o sì fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò, ho ọṣẹ sínú omi, kó o fi kan rọ́bà àti ẹnu sílíńdà. Ibi tó bá ń ṣe fòòfò, ibẹ̀ ni.

Ṣé fèrèsé tí a ṣí kò tó fún jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Kò tó. Èéfín yẹn ní carbon monoxide nínú, ìyẹn gáàsì olóró kan, kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí a fọ́ni, èébì a máa gbéni, ẹni náà a rò pé ibà ni, á lọ dùbúlẹ̀. Ìta ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, títí kan kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour".

Panápaná dé, kò pẹ́ tí omi wọn tán. Ṣé wọn kò múra ni?

Nígbà mìíràn ẹ̀bi wọn ni, n kò ní gbèjà wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọkọ̀ kan gbé lítà omi 10,000, tí wọ́n sì ń tu 1,000 jáde níṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ó yẹ kí ẹnu omi ti panápaná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣùgbọ́n àdúgbò mélòó ló ní èyí tó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n á lọ rọ omi wá, àwọn èrò á sì rò pé sísá ni wọ́n ń sá, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹni tó ní kànga-dẹ̀rọ nítòsí tó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn ló ran àdúgbò lọ́wọ́.

Nọ́ńbà wo la máa pè, kí la sì máa sọ?

Ní Èkó, 767 tàbí 112. Kọ́kọ́ sọ ibi tó o wà, nítorí fóònù lè já: orúkọ òpópónà, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó súnmọ́ ọn, ohun ńlá kan tí wọ́n lè rí lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ ohun tó ń jó, àti bóyá èèyàn wà nínú ilé. Kí ẹnì kan sì sáré lọ sí gééètì àdúgbò. Ọ̀pọ̀ òpópónà ni wọ́n ń tì ní agogo mọ́kànlá alẹ́, kọ́kọ́rọ́ a wà lápò ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ náà a sì ti bá àwọn èrò lọ wòran iná.